Orúkọ Tó Kù Lára Agolo

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Òwe náà kò sọ bóyá adùn ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yóò bá ti ìyá rẹ̀ dọ́gba. Ohun tí olùkọ́ kan ní Ìbàdàn fẹ́ mọ̀ gan-an nìyẹn ní ìparí ọdún 2019, nígbà tí ó ra agolo tábà kan bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù.

Bàbá rẹ̀, tí òun náà jẹ́ olùkọ́, ti kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù ṣáájú ọdún 1970. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ bí a ṣe ń mu ìkòkò. Lẹ́yìn tí ó padà sílé, ẹnikẹ́ni tó bá ń ti ìlú òyìnbó bọ̀ ti mọ ohun tí yóò bá a mú wá: agolo róbótó pẹlẹbẹ kan tí a kọ Nightcap sí lára. Orúkọ yìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ọtí tí ènìyàn ń mu gbẹ̀yìn kí ó tó sùn, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sì ni bàbá ṣe ń lo tábà náà. Bí ó bá ti jẹun alẹ́, tí ó sì ti máàkì ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tán, yóò jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò ki tábà sínú ìkòkò, yóò ṣáná sí i. Òórùn yẹn ni àwọn ọmọ rẹ̀ fi ń mọ̀ pé ilẹ̀kùn ti di títì, pé bàbá wà nílé, pé kò séwu.

Òórùn náà kì í ṣe ti ewé kan ṣoṣo. Ewé Virginia wà nínú rẹ̀, àti àwọn ewé Oriental, irú èyí tí wọ́n ń gbìn ní ìhà Tọ́kì àti Gíríìsì. Latakia, tí a fi orúkọ èbúté kan ní Síríà pè, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Èéfín igi olóòórùn dídùn ni wọ́n fi ń yan án, bí àwọn obìnrin etí òkun ṣe ń yan ẹja, títí yóò fi dúdú. Wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ ní erékùṣù Kíprù pẹ̀lú. Ẹ̀kẹrin ni Perique, láti Louisiana ní Amẹ́ríkà. Inú àgbá ni wọ́n ń kì í sí, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pinpin fún nǹkan bí ọdún kan, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó bo irú tí ó ń retí kí òórùn rẹ̀ jáde.

Ọdún 1907 ni Alfred Dunhill ṣí ìsọ̀ tábà rẹ̀ sí òpópónà Duke Street ní Lọ́ńdọ̀nù. Oníbàárà yóò sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ ń fẹ́, wọn yóò po tábà fún un, wọn yóò sì kọ àdàpọ̀ náà sínú ìwé pẹ̀lú nọ́ńbà. Ọ̀kan nínú irú àdàpọ̀ bẹ́ẹ̀, My Mixture 965, ṣì wà lọ́jà títí di òní. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ pò ó fún ti di ará ọ̀run. Nọ́ńbà rẹ̀ kò kú. Ní 1907 kan náà ni Prince Albert jáde ní Amẹ́ríkà, òun náà sì wà lọ́jà. Ní ìlú Kendal, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé iṣẹ́ Samuel Gawith ń ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti 1792.

Ṣùgbọ́n orúkọ a máa dúró nígbà tí ọwọ́ tó ń ṣe é bá ti yí padà. Ní 1981, wọ́n kó tábà Dunhill kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Belfast. Ní 2005, ilé iṣẹ́ Belfast náà tì, tábà náà sì di ohun tí wọ́n ń ṣe ní Dẹ́nmáàkì. Ní 2018, orúkọ Dunhill dópin lára tábà ìkòkò. Ní 2019, Nightcap àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ padà sọ́jà pẹ̀lú orúkọ Peterson, oníṣẹ́ ìkòkò ti Dublin tó ti wà láti 1865. Irú agolo bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ yìí rà.

Nígbà tí ó ro ọdún wọ̀nyí pọ̀, ó yà á lẹ́nu. Agolo tí bàbá rẹ̀ rà nígbà tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ Lọ́ńdọ̀nù ni. Èyí tí ó ń mu ní ọdún 1990 sókè, iṣẹ́ Belfast ni. Tábà náà ti yí ilé padà mọ́ bàbá lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tó gbọ́ kí ó ṣàròyé.

Ó gbé agolo náà tọ ìyá rẹ̀ lọ, ó sì mú ìkòkò bàbá dání.

"Màmá, ẹ bá mi gbóòórùn rẹ̀."

Ìyá di ojú, ó gbóòórùn rẹ̀ pẹ́.

"Ó jọ ọ́. Ṣùgbọ́n ara aṣọ bàbá rẹ ni mo ti ń gbọ́ tirẹ̀, àti nínú ikọ́ rẹ̀. Ta ni yóò bá ọ po ìyẹn mọ́ ọn?" Ó la ojú. "Ìkòkò tí o mú dání ńkọ́?"

Kò rí èsì fọ̀. Ó ti pinnu láti ṣáná sí i lálẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́ẹ̀kan péré, kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lè rí bí ó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ìyá kò gbàgbé ọdún méjì tó ṣáájú ikú bàbá ní 2001, nígbà tí ó ń gbé e jókòó lóru kí ó lè rí èémí mí. Dókítà kò fi bò fún wọn pé èéfín ni. Bí àdàpọ̀ tábà ṣe wù kó pẹ́ láyé tó, kò yẹ ẹ̀ṣẹ̀ yìí sílẹ̀: àrùn jẹjẹrẹ ẹnu, ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró wà lára ohun tí ìkòkò mímu ń fà.

"Gbé e fún mi," ni ìyá wí.

Ọmọ gbé ìkòkò lé e lọ́wọ́. Ó da tábà náà sí ààtàn fúnra rẹ̀, ó sì fọ agolo.

Lórí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá, agolo Nightcap àtijọ́ kan ti wà láti ọjọ́ pípẹ́, tí abẹ́rẹ́ àti òwú wà nínú rẹ̀. Tuntun náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ báyìí, bọ́tìnnì ló kún inú rẹ̀. Orúkọ kan náà ló wà lára àwọn méjèèjì. Nígbà mìíràn, bí ìyá bá ṣí ti àtijọ́ láti mú òwú, òórùn díẹ̀ a máa jáde.