Àwa, Bọ́ọ̀sì Wa, àti Àwọn Mẹkáníìkì Sábó

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ. Ìdílé mẹ́rin ni wá ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́ níhìn-ín, tí a pawọ́ pọ̀ ra bọ́ọ̀sì tòkunbọ̀ kékeré kan tí ó ń gbé ọmọ mọ́kànlá wá sí ilé-ìwé yìí lójoojúmọ́. Ìbéèrè tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká ni pé: ta ni kí ó máa tọ́jú rẹ̀? Ṣé àwa fúnra wa ni, àbí kí a gbé e fún oníṣẹ́ kí a sì lọ sùn?

Orúkọ Sábó, láti inú Sabon Gari tí àwọn Hausa ń pe ìlú titun ni ó ti wá. Ọ̀yọ́ ní tirẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ náà ní tirẹ̀. Ibi tí àjèjì bá ti ń dé, ọkọ̀ yóò máa dé. Ibi tí ọkọ̀ bá sì ti ń dé, mẹkáníìkì, rewáyà àti fọganáísà kò ní jìnnà. Nítorí náà a kò ṣe aláìní ẹni tí a lè gbé ọkọ̀ fún. Ẹni tí a ó gbé e fún tí ọkàn wa yóò balẹ̀ ni a ń wá.

Ní sáà kejì ọdún tí ó kọjá, táyà iwájú jò. Nígbà tí fọganáísà tú u, ọ̀kan nínú wa bojú wo bíréèkì, ó rí i pé páàdì rẹ̀ ti jẹ tín-ín-rín, ó sì fi ọ̀dà funfun sàmì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. A gbé ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí a kò ní dárúkọ. Wọ́n ní àwọn ti fi páàdì titun sí i. A sanwó, a gbé ọkọ̀ wa. Ní ọjọ́ kẹta, bíréèkì tún ń han. A tú táyà náà. Ọ̀dà funfun wa wà níbẹ̀, ó ń wò wá.

Inú bí àwọn kan nínú wa gidigidi. Wọ́n ní kò sí mẹkáníìkì mọ́ láé. A ra jáàkì, a ra sípánà, a sì ń péjọ ní àràárọ̀ Sátidé. Kí a má purọ́, àǹfààní Sátidé wọ̀nyẹn pọ̀. A mọ̀ nísinsìnyí pé kí a tó ṣí ọkọ̀ ní òwúrọ̀ ni ó dára láti yọ irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì, kí a nù ún, kí a tì í padà, kí a tún yọ ọ́, kí ọ́ìlì sì wà láàárín àmì méjèèjì. A mọ̀ pé ẹni tí ó bá ṣí ọmọrí rẹ́díétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná ń fi ojú ara rẹ̀ ṣeré. Nígbà ọyẹ́, fílítà afẹ́fẹ́ a máa kún fún eruku bí ẹni pé wọ́n bù ú sí i. Lára táyà, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì ìkẹyìn ni ọdún. 1419 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2019. Àwọn ọmọ wa ni wọ́n ń kà á fún wa báyìí, nítorí ojú tiwọn ríran jù.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀kan nínú wa, olùkọ́ físíìsì, ní kí a tú bíréèkì náà fúnra wa, àwọn ìyá kọ̀, wọ́n sì jàre. Òróró ni bíréèkì fi ń ṣiṣẹ́. Ẹsẹ̀ awakọ̀ ni ó ń ti òróró náà gba inú ọ̀pá, òróró a sì ti páàdì mọ́ irin tí ó ń yí pẹ̀lú táyà. Òróró kì í fún pọ̀. Afẹ́fẹ́ a máa fún pọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá wọ inú ọ̀pá nígbà àtúnṣe, tí a kò sì lé e tán, ẹsẹ̀ lè kan ilẹ̀ kí ọkọ̀ má dúró. Olùkọ́ wa lè ya gbogbo èyí sójú pátákó, ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ tí ó lo ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́dọ̀ ọ̀gá kí ó tó gba fírídọ̀mù ti fi ọwọ́ ṣe é lójú ẹni tí ó lè bá a wí. Bọ́ọ̀sì yìí kan náà ni ó sì ń gbé àwọn ọmọ lọ fún ìdíje ní Ọ̀yọ́, láàárín àwọn tírélà, ní apá ọ̀nà tí iṣẹ́ oníbejì rẹ̀ fà gùn jù láti Ìbàdàn dé Ìlọrin. Ẹ̀rù ọ̀nà kì í ṣe titun ní agbègbè wa: ní 1977 ni Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú Wọlé Ṣóyínká lára àwọn aṣáájú rẹ̀, ọdún 11 kí ti ìjọba àpapọ̀ tó dé.

Ọ̀kan nínú wa tí ilé bàbá rẹ̀ wà nítòsí Sábó ti Ọ̀yọ́ ni ó mú wa dé ọ̀dọ̀ àgbà mẹkáníìkì kan níbẹ̀. Peugeot 504 ni Bàbá fi kọ́ṣẹ́, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975. Ó ní kí a má lọ síbì kan, ó ní kí wọ́n gbé bẹ́ǹṣì fún wa kí a jókòó máa wo òun. Nígbà tí ó parí, ó fi bébà wé páàdì àtijọ́: “Ìyá Ìbejì, ẹ gba òkú ọkọ̀ yín.” Nígbà tí iná ẹ́ńjìnnì tàn lẹ́yìn oṣù méjì, kò fi irọ́ bò ó. Ó ní eléyìí kọjá ohun tí etí òun lè gbọ́, ó sì júwe ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ní ẹ̀rọ tí ń bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Owó Bàbá wọ́n ju ti ilé lọ, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn. Àwọn kan nínú wa ṣì ń kùn. Àwa tí ó kù rò pé ẹni tí kò bínú nígbà tí a bá ń wo ọwọ́ rẹ̀ ni a lè fi ọmọ mọ́kànlá sí lọ́wọ́.

Báyìí, ọ́ìlì, omi, fílítà àti táyà wà lọ́wọ́ wa, ìdílé kan ní Sátidé kan, a sì ń kọ ọ́ sínú ìwé tí ó wà lábẹ́ àga awakọ̀. Bíréèkì àti ohun tí ó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ di ti Bàbá. Táyà ẹ̀yìn apá ọ̀tún ni ó ka 1419. Ó gbọ́dọ̀ kúrò kí sáà titun tó bẹ̀rẹ̀. Ìdílé mẹ́ta ti dá owó rẹ̀. Ìdílé kẹrin mọ ara wọn, wọ́n sì ń ka ìwé yìí.