Ebi Ni Ó Ń Pa Bátìrì

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ẹ̀kọ́ èdè, n kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè gba owó ìdánwò lọ́wọ́ ènìyàn títí di ọjọ́ tí ọkọ̀ bàbá mi kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ ní Àkúrẹ́.

Ọkọ̀ akérò ni. Òun ni ó ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ mi, òun náà ni ó ń bọ́ àwọn àbúrò mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, èrò Oǹdó ti kún inú ọkọ̀, bàbá mi yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì kò dáhùn. Àwọn tí wọ́n yí wa ká wí pé, ‘Bátìrì yín ti kú.’ Èmi náà tún un wí bí ọ̀mọ̀wé. Ohun tí ó bá sì ti kú, kí ni a tún fẹ́ bi í? Mo yọ owó ìdánwò mi lápò. Bàbá mi kò fẹ́ gbà á. Èmi ni mo rọ̀ ọ́. A ra tuntun, a sì fi ti àtijọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí ó tà á kí ó lè dín owó kù.

Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó gbéra. Nígbà tí a kọjá Bọ́lọ́rundúró, iná iwájú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ sílẹ̀ bí fìtílà tí epo rẹ̀ ń tán. Kò pẹ́, ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Bátìrì tuntun! Bàbá mi dá owó gbogbo èrò padà. Ìyá arúgbó kan kò gba tirẹ̀, ojú sì tì mí ju ti àwọn tí wọ́n bú wa lọ.

Ní Oǹdó ní ọjọ́ kejì, ríwáyà kan fi mítà kan bátìrì náà: 11.8. Ó fi bátìrì mìíràn ràn án lọ́wọ́ títí ẹ́ńjìnnì fi dìde, ó yọ ti ìrànwọ́ kúrò, ó tún wò ó: 11.6, ó sì ń lọ sílẹ̀ sí i.

Ó ní, ‘Bàbá, ẹ má bínú. Ta ní sọ fún yín pé bátìrì ni ó kú? Ebi ni ó ń pa á.’

Ó wá là á yé wa. Yàrá mẹ́fà ni ó wà nínú bátìrì, òjé àti omi ásíìdì ni ó wà níbẹ̀, yàrá kọ̀ọ̀kan sì ń mú fólítì méjì àti díẹ̀ wá. Bí ó bá yó tí ó sì ń sinmi, mítà yóò ka nǹkan bí 12.6. Bí ó bá ka 12.0, ẹ má ṣe rò pé díẹ̀ ni ó dín. Ó ti ná èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó ní. Alternator, ẹ̀rọ tí bẹ́líìtì ń yí, ni ó ń bọ́ ọ. Agbára tí ó fi ń ti iná wọlé gbọ́dọ̀ ju ti bátìrì lọ, nǹkan bí 14, nítorí pé omi kì í ti ìsàlẹ̀ ṣàn gòkè. Ìtì yìí gan-an ni à ń fi fólítì wọ̀n. (Orúkọ ènìyàn ni ọ̀rọ̀ náà: Volta, ará Ítálì, tí ó ṣe bátìrì àkọ́kọ́ ní 1800. Planté, ará Faransé, ni ó ṣe èyí tí a fi òjé ṣe tí a lè tún bọ́, ní 1859.)

Búrọ́ọ̀ṣì alternator ni ó ti jẹ tán. Owó rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́wàá owó bátìrì. Ríwáyà pààrọ̀ rẹ̀, ó sì fi bátìrì sí ẹnu ẹ̀rọ títí di ìrọ̀lẹ́ ní ìta gbangba, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu sìgá níbẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tí ń jáde lára rẹ̀ a máa gbiná. Nígbà tí a tan ẹ́ńjìnnì, mítà ka 14.1. Bàbá mi ní kí n kà á lẹ́ẹ̀kejì.

Lẹ́yìn náà ó bèèrè pé, ‘Èyí tí a fi sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ ńkọ́?’

Ríwáyà ní, ‘Bí ebi bá pa á pẹ́, nǹkan funfun a máa le mọ́ òjé rẹ̀ lára, oúnjẹ kò sì ní wọlé mọ́. Ìyẹn ni ikú. Ṣùgbọ́n ẹ kò fi mítà kàn án.’

Bàbá mi wò mí, kò sọ nǹkan kan. A wọ ọkọ̀, a sì gbé èrò Àkúrẹ́.