Igi Tí Síwáàkì Ti Ń Wá



Lọ́jọ́ Jímọ̀, a máa ń ra síwáàkì lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló mọ igi rẹ̀? Àráàkì ni àwọn Lárúbáwá ń pè é. Igi kúkúrú ni, ẹ̀ka rẹ̀ a máa wọ́lẹ̀, wọn a lọ́ mọ́ra wọn bí irun tí a kò yà. Ewé rẹ̀ nípọn, ó sì ń tutù tòjò tẹ̀ẹ̀rùn.

Ó ń hù ní Hijaz àti Yemen, ó sì ń hù ní etí aṣálẹ̀ Áfíríkà títí dé agbègbè Adágún Chad. Oòrùn gangan ló fẹ́, pẹ̀lú ilẹ̀ oníyanrìn. Kódà ilẹ̀ oníyọ̀, tó ń pa ohun ọ̀gbìn mìíràn, ó ń gbà á. Nínú Súúrà Saba', níbi tí omi ti gbá ọgbà àwọn ará Saba' lọ tí igi eléso kíkorò sì rọ́pò rẹ̀, ọ̀pọ̀ onítúmọ̀ Àlùkùránì ló sọ pé àráàkì wà lára àwọn igi náà.

Èso rẹ̀ kéékèèké ni, kabaath lorúkọ rẹ̀. Jaabir sọ fún wa pé àwọn Sàábé ń ká a ní Marr az-Zahran, nítòsí Mẹ́kà, ni Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bá ní kí wọ́n mú èyí tó dúdú. Wọ́n bi í bóyá ó ti da ẹran rí. Ẹ ò rí i, ta ni ìbá tún mọ̀ ọ́n bí kò ṣe darandaran! Ó dá wọn lóhùn pé kò sí Ànábì tí kò dà á.

Àwọn ọmọ ilé-kéwú mi fẹ́ gbìn ín. Kóró tútù tí a fọ ẹran ara rẹ̀ kúrò ló ń yára hù, àmọ́ igi náà kì í tètè dàgbà, ẹ̀yìn kíláàsì tiwa sì jẹ́ ibòji tó ń rin gbindin ní gbogbo ìgbà òjò. Mo ní kí wọ́n ki igi ewúro bọlẹ̀. Àwọn onímọ̀ fẹ́ràn àráàkì jù, ṣùgbọ́n wọ́n gbà kí a fi igi mìíràn tó ń fọ ẹnu mọ́ rọ́pò rẹ̀. Pákò ewúro korò, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí a bá gé e, á tún rú.

Ti àráàkì kò rí bẹ́ẹ̀. Gbòǹgbò ni ọ̀pọ̀ èyí tí à ń rà, bí wọ́n bá sì wa gbòǹgbò jù, igi á kú. Nítorí náà, ẹ má máa ju ààbọ̀ ọ̀pá nù. Ẹ gé orí tó ti gbó kúrò, kí ẹ bó èèpo díẹ̀ sí i, kí ẹ tún rún ibòmíràn.