Ilé Là Á Wò Kí A Tó Sọ Orin Lórúkọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òwe yìí kò mọ sórí ọmọ ènìyàn nìkan. Bí a bá wo ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin Yorùbá tó wà nínú kọ̀ǹpútà lónìí, a ó rí i pé àwọn tó sọ wọ́n lórúkọ kò wo ilé rárá. Èrò mi nínú àròkọ yìí ni pé títo orin sínú kọ̀ǹpútà kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ lásán. Iṣẹ́ èdè ni, ó sì kan àwa olùkọ́ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ló là mí lójú sí i. Ilé-iṣẹ́ kan nínú ọgbà tí a ń pè ní Ìkòròdú Industrial Estate ló ti ń ṣiṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀. Bí ó bá di ọjọ́ Sátidé, yóò di DJ níbi àríyá. Nígbà kan, wọ́n pè é síbi ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì àgbà òṣìṣẹ́ kan tó jẹ́ ọmọ Ẹpẹ. Bàbá náà dìde, ó ní kí wọ́n fi àpàlà Lígálì Mùkáíbà sí i kí òun fi jó. Ọmọ Ẹpẹ bíi tirẹ̀ ni Mùkáíbà. Baba L'Ẹ́pẹ́ ni àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń pè é. Ọmọ náà wá orin yìí títí, kò rí i, bàbá sì padà lọ jókòó láìjó. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni a tó bá a nínú kọ̀ǹpútà náà, 'Track 07' ni ó ń jẹ́. Ohun tí a ní tí a kò rí lò nígbà tí a nílò rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ohun tó sọnù.

Ní àsìkò ìsinmi, àwa méjèèjì jókòó ti iṣẹ́ náà. A kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo orin náà sínú háàdì dísìkì mìíràn, nítorí bí iná bá lọ lójijì, fáìlì lè bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ni a kojú orúkọ àwọn olórin. Ojú kan ni gbogbo ẹni tó ń jẹ́ Àyìndé wà. Bẹ́ẹ̀ sì ni jùjú ni Àyìndé Bákàrè tó kú ní 1972 kọ. Fújì ni ti Síkírù Àyìndé Barrister tó kú ní 2010. Wàsíù Àyìndé tó gbé Talazo '84 jáde náà ti jẹ́ Barrister rí, kí ó tó di Marshal, kí ó sì tó di K1 De Ultimate. Ẹni mẹ́ta di ẹnì kan, ẹnì kan sì di mẹ́ta. Ẹni tó bá mọ̀ pé orúkọ oríkì ni Àyìndé kò ní fi òun nìkan dá ènìyàn mọ̀ láìbéèrè orúkọ yòókù.

Ó wá kan irú orin. 'Blues' ni kọ̀ǹpútà pe àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá. Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí, ẹ wo ohun tí wọ́n pe Bàbá Gàní!" Mo sọ fún un pé ìdí wà. Ní 1996 ni Eric Kemp ṣe ètò ID3, èyí tí a fi ń lẹ àlàyé mọ́ ìdí fáìlì MP3. Àyè lẹ́tà 30 péré ló fi sílẹ̀ fún àkọlé, ìdí nìyí tí àkọlé gígùn fi máa ń gé. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló dúró fún irú orin, àyè tó sì wà fún nọ́ńbà náà jẹ́ 256, iye odù Ifá gẹ́lẹ́. Nínú irú orin 80 tí ó kọ́kọ́ tò síbẹ̀, reggae wà, polka wà. Kò sí jùjú, kò sí àpàlà, kò sí sákárà, kò sí fújì. 'Blues' ló wà ní ipò òdo, nítorí náà, orin tí wọ́n bá fi òdo sí lára di blues. Ètò ID3v2 tó dé lẹ́yìn rẹ̀ gbà kí a fi ọwọ́ ara wa kọ irú orin tí ó wù wá. Àwa ni a kò kọ ọ́.

Àmì ohùn náà tún wà níbẹ̀. Bí a bá kọ 'owo' láìsí àmì, ta ni yóò mọ̀ bóyá owó ni, tàbí òwò, tàbí ọwọ́, tàbí ọ̀wọ̀? Ṣùgbọ́n àmì nìkan kò tó. Nínú Unicode, lẹ́tà 'ẹ́' kò ní kóòdù kan ṣoṣo tirẹ̀: ẹnì kan lè bẹ̀rẹ̀ láti orí 'ẹ', ẹlòmíràn láti orí 'é'. Ọ̀kan náà ni lójú wa, méjì ni lójú àwọn ètò kọ̀ǹpútà kan. A fi ẹnu kò sí ọ̀nà kan ṣoṣo fún àkọlé, a sì kọ ọ́ láìsí àmì sí àyè àlàyé, kí ẹni tó ń kánjú lè rí i wá.

Àwọn ọ̀gá jùjú àti fújì a máa kọ orin mọ́ orin títí ojú àwo kan yóò fi kún. A fi àmì sí ibi tí orin kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, a sì kọ orúkọ ẹni tí wọ́n kì níbẹ̀. Bí fáìlì méjì bá jẹ́ orúkọ kan náà, a gbọ́ méjèèjì tán kí a tó pa ọ̀kan rẹ́. Ìṣirò ìyára ìlù tí ẹ̀rọ ń ṣe kò sì ṣeé gbára lé pátápátá, nítorí onílù àpàlà kò fi aago lu ìlù. Etí ni a fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Iṣẹ́ náà kò tíì parí. Àwọn fáìlì kan ṣì wà tí àwa méjèèjì kò mọ ẹni tó kọ wọ́n. Àwọn àgbà tó lè gbọ́ ohùn kan kí wọ́n sì dárúkọ ẹni tó ni ín ń dín kù lójoojúmọ́. Mo rọ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, bí ẹ bá lọ sílé ní ìsinmi, ẹ mú orin tí kò lórúkọ tọ̀ wọ́n lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ, kí ẹ sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀.