Ohun Tí Mi Ò Túmọ̀ fún Màmá Àgbà

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ kàtáráàtì fún Màmá Àgbà ní ojú ọ̀tún. Wọ́n yọ lẹ́ńsì àbínibí tó ti ṣú, wọ́n sì fi àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí ojú náà, Màmá tẹjú mọ́ mi, wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, o mà ti rù o! Ṣé ẹ kì í jẹun ní yunifásítì yín ni?" A rẹ́rìn-ín títí.

Dókítà tó bá wa sọ̀rọ̀ ká tó máa lọ sílé kò gbọ́ Yorùbá. Èmi ni ògbufọ̀. Ó sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n mo ní ìdánwò lọ́jọ́ kejì, ọkàn mi ti wà ní gáréèjì. Ohun tí mo sọ fún Màmá kò ju gbólóhùn méjì lọ: "Ẹ má fọwọ́ ra ojú. Ẹ máa lo oògùn yín déédéé."

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, mo délé fún ìsinmi. Màmá ṣa ẹ̀wà, wọ́n sè é fún mi. Òkúta mẹ́ta ni mo bá nínú àwo kan ṣoṣo. Nígbà tó di alẹ́, mo rí wọn tí wọ́n ń fọwọ́ wá ògiri lọ sí ilé ìdáná. Mo bi wọ́n, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Ìgbà tí mo bẹ̀ wọ́n títí ni wọ́n tó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: "Wọ́n ti lù wá ní jìbìtì. Ayédèrú ni wọ́n fi sí mi lójú, ó ti ṣú bíi ti àtijọ́. Má sọ fún ìyá rẹ o. Kò tíì san gbèsè kọpurétífù tó fi ṣe é tán."

Ara mi bù máṣọ. Mo rántí pé ó wà lára ohun tí dókítà sọ, tí mi ò túmọ̀.

A padà lọ. Lẹ́ńsì náà mọ́ kedere. Ohun tó ṣú ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó dà bí àpò, èyí tí lẹ́ńsì àbínibí wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n fi sílẹ̀ kó lè gba tuntun dúró. Nígbà mìíràn, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ́ kù síbẹ̀ máa ń dàgbà bo ẹ̀yìn àpò náà, lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún. Kàtáráàtì kò padà wá, ẹnikẹ́ni kò sì lu Màmá ní jìbìtì. Ìtànṣán lésà ni wọ́n fi lu ihò sí awọ náà láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Wọn ò fi abẹ kàn án. Wọ́n ní tí ojú bá pupa tó sì ń dunni, tàbí tí iná bá ń kọ mànà nínú rẹ̀, ká má dúró dọjọ́ kejì, nítorí ewu mìíràn nìyẹn. Lọ́tẹ̀ yìí, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ni mo túmọ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ máa ń ṣe ògbufọ̀ fún àwọn àgbà nílé ìwòsàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé ọ̀rọ̀ kúrú.

Ó ku ojú òsì. Màmá bi mí bóyá àpò tiẹ̀ náà lè ṣú. Mo ní, "Ó ṣeé ṣe, Màmá."

Wọ́n ní, "Kò burú. Ohun tí wọ́n bá ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ kì í bà mí lẹ́rù."