Òjò Ò Mọ Mọ́ńdè

“Mọ́ńdè: àgbàdo gbígbìn.” Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ sára páálí tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri pálọ̀ wa l'Ólódò, n'Íbàdàn. Mo to iṣẹ́ oṣù mẹ́ta sórí ẹ̀ bí ẹní to obì sórí àtẹ.

Láti 2020 tí kòrónà ti ilé-ìwé pa ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ mi nílé. Nígbà tí ilé-ìwé ṣí, àwa ò padà. Ìdòwú ò tiẹ̀ jókòó ní kíláàsì rí. Àwọn ará àdúgbò a máa bi mí pé, “Ìyá Ìbejì, ṣé owó ilé-ìwé ni?” Owó wà ńbẹ̀, mi ò ní purọ́, àmọ́ òun nìkan kọ́.

Àkọ́rọ̀ rọ̀ lóṣù Ẹrẹ́nà, lálẹ́ Sọ́ńdè. Àwọn ọmọ ti gé orí ike omi kan, wọ́n fi rúlà sàmì sí i lára, wọ́n gbé e síta. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi inú rẹ̀ lé díẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan. Mo ní kí wọ́n gbé ọkọ́. Ìyá ọkọ mi ń bó ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà.

“Ìyàwó, ilẹ̀ ò tíì mu omi yó o.”

“Màmá, ètò tòní ni, mà.”

Wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́, a sì gbin àgbàdo náà. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni òjò ò fi rọ̀. Òdo, òdo, òdo làwọn ọmọ ń kọ sínú ìwé. Àgbàdo tó hù pọ́n, ó rọ. Àparò hú ìyókù jẹ.

Bí oko ò ṣe ṣeé lọ mọ́, a bọ́ sí títì. A lọ wo ẹranko ní Yunifásítì, a dé ibi ìsédò Àṣẹ̀jírẹ́, oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Ti ilé ìṣọ́ Láyípo ni mi ò lè gbàgbé. A wọ Micra dé Ìwó Road, a tún wọ òmíràn lọ Òkè Ààrẹ. Bí a ti ń yí gòkè nínú ilé ìṣọ́ náà ni Táíwò àti Kẹ́hìndé ń jà lórí iye àtẹ̀gùn. Lókè, páànù tó dípẹtà lọ salalu. Mo ní 1936 ni wọ́n kọ́ ọ fún ìrántí Kápútẹ́nì Bower, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó àkọ́kọ́ n'Íbàdàn, ẹni tó yin àgbá lu Ọ̀yọ́ ní 1895.

Ìdòwú wò mí. “Wọ́n wá kọ́lé fún un?”

Mo ní ká máa sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí a délé, ó gbé ìbéèrè náà lọ bá Màmá àgbà. Ẹ̀rín pa wọ́n. “Ta ló ń dárúkọ ẹ̀? Láyípo là ń pè é.”

Ọ̀rọ̀ Màmá yìí ló gún mi ní kẹ́ṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé tí mo fi ń kọ́ wọn nípa òjò, nítorí náà ìyá tó ti dáko fún ọdún gbọọrọ a máa jókòó nínú ilé kan náà bí àlejò. Bẹ́ẹ̀ mo mọ ìtàn Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, tí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ n'Ílé-Ifẹ̀ ní 1970, ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Mo máa ń fi ìtàn náà yangàn lóde.

Mo gbé ìwé jù sílẹ̀, mo fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀. Ká tó ṣẹ́jú, Màmá ti dìde. Wọ́n fi gìgísẹ̀ wa ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé: ìsàlẹ̀ ń kù lẹ́búlẹ́bú. Wọ́n ní òjò kan kì í rin ilẹ̀. Ooru tó wà nísàlẹ̀ ló máa se irúgbìn jinná. Kẹ́hìndé kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Èmi náà kọ ọ́.

Òjò padà dé lóṣù Igbe, ó rọ̀ lọ́tùn-ún, ó rọ̀ lósì. Àwọn ọmọ kó gìgísẹ̀ ti ilẹ̀, ẹ̀yìnkùlé wá dà bí ibi tí adìyẹ ti ń tan. Ní Túsìdeè kan, Màmá tẹ ilẹ̀ wò, wọ́n ní, “Ó di ọ̀túnla.”

Ìdòwú mú bírò, ó lọ síwájú páálí, ó pa Mọ́ńdè rẹ́.