Ọkọ̀ Ẹgbàárin Ọdún nínú Kíláàsì Yorùbá

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ní ìwé pélébé kan tí mo ń kọ àwọn ohun àrà sí. Bí mo bá ka ohun tó yà mí lẹ́nu nípa iṣẹ́ ọnà, sáyẹ́ǹsì tàbí ìtàn, ibẹ̀ ni mo ń kọ ọ́ sí. Kò ní ètò kankan. Ṣùgbọ́n mo ti ṣàkíyèsí pé ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀, àwọn tó ń wá nǹkan mìíràn ló ṣèèṣì rí i. Ní Ilé-Ifẹ̀, ní ọdún 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ló kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Ní Igbo-Ukwu, ihò tí yóò máa gba omi sí ni Isaiah Anozie ń gbẹ́ tó fi kan àwọn ohun èlò idẹ tí ọjọ́ orí wọn lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni orí amọ̀ Nok kan tí wọ́n hú níbi ìwakùsà ní agbègbè Jemaa: akọ̀wé kan gbé e lọ sí oko iṣu, ó sì fi ń lé ẹyẹ fún bí ọdún kan kí ó tó dé ọ̀dọ̀ Bernard Fagg ní 1943. Ère tó ti lé ní ẹgbàá ọdún ń ṣọ́ iṣu!

Ọkọ̀ Dufuna ló mú mi kọ àròkọ yìí. Ní 1987, darandaran Fúlàní kan ń gbẹ́ kànga ní abúlé Dufuna, ní ibi tí a ń pè ní Ìpínlẹ̀ Yobe lónìí, ni ó bá kan nǹkan líle. Ọkọ̀ ojú omi ni, odidi igi kan ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, gígùn rẹ̀ lé ní mítà mẹ́jọ. Ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bí 8,000 ọdún. A kò tíì rí ọkọ̀ tó pẹ́ jù ú lọ ní ilẹ̀ Áfíríkà.

Mo sọ ìtàn yìí fún kíláàsì mi ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí oorun ń kùn wọ́n. Gbogbo wọn jí. Yorùbá pọ́ńbélé ni mo ń sọ títí mo fi dé orí iye ọdún yẹn, ni mo bá yà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọbìnrin kan nawọ́: 'Sà, kí ni wọ́n ń pe iye yẹn ní Yorùbá?' Mo ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. Kò burú, ṣùgbọ́n mo mọ̀ nínú ara mi pé Gẹ̀ẹ́sì ni mo ṣì fi ṣírò.

Ìyá mi ló là mí lọ́yẹ̀ nírọ̀lẹ́. 'Ẹgbàárin ni. Ṣé ẹ kì í ka owó ẹyọ ní ilé ìwé yín ni?' Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá sì di ọ̀kẹ́ kan. Lọ́jọ́ kejì, a fi hóró àgbàdo dípò ẹyọ, hóró kan fún ọdún kan. A kó o jọ ní ogójì-ogójì. Àádọ́ta òkìtì gba gbogbo orí tábìlì mi, ẹgbàá ọdún péré sì nìyẹn. Orí amọ̀ Nok kọjá etí tábìlì díẹ̀. Ọkọ̀ Dufuna yóò gba irú tábìlì bẹ́ẹ̀ mẹ́rin.

Ibi tí àgbàdo wà nílẹ̀ ni alábẹ̀wò kan bá wa. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo fi iṣẹ́ olùkọ́ ìtàn àti ti ìṣirò ṣe tèmi. N kò bínú sí i pẹ́, nítorí a kò ka orí ìwé tó yẹ kí a kà lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ bá gbà pé Yorùbá kò lè ròyìn ọkọ̀ kan láì tọrọ iye ọdún rẹ̀ lọ́wọ́ èdè mìíràn, kí ni a fẹ́ fi òwe tí a ń kọ́ wọn ṣe? Akẹgbẹ́ mi tó ń kọ́ni ní èdè Igbo kò tilẹ̀ bi mí léèrè. Ó gba ìwé pélébé náà lọ láti da ojú ewé Igbo-Ukwu kọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí a ń kó àgbàdo padà sínú àpò, ọmọbìnrin yẹn tún nawọ́. 'Sà, kí ni ẹni tó gbẹ́ ọkọ̀ náà ń pè é ní èdè tirẹ̀?'

Mo wò ó títí. Nínú ohun gbogbo tí wọ́n hú nílẹ̀ yẹn, kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀. Mo kọ ìbéèrè rẹ̀ sínú ìwé mi, mo sì fi ojú ewé tó kọjú sí i sílẹ̀ lófìfo.